Àlàájì A-rà-má-tú àti Ẹ̀rọ Ẹlẹ́nu Kan

Bí Ọlọ́run Ọba bá fẹ́ràn odidi, kí ló dé tó fi ń dá ìbejì? Láti ọjọ́ wòlímọ̀ àwọn ọmọ Hàlímọ̀ ni ìbéèrè yìí ti jókòó sí mi láyà, mi ò sì tíì rí ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni Òun fúnra Rẹ̀. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n Igbó-Ọrà rèé: ojúlé tó o bá wọ̀ tó ò bá Táyé, Kẹ́hìndé ni yóò bá ọ gba ẹrù. Mo bi Lèmọ́mù wa. Lèmọ́mù wò mí títí, ó ní, "Aáfà, ẹ lọ ṣe àlùwàlá."

Àlàájì Àkíbù ò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ló kún inú tirẹ̀, ìbéèrè ò ráyè wọlé. Ẹ bá mi kí i ná: Àkíbù Odidi! A-rà-má-tú! Ọkọ Ìbílọlá! Ẹ̀gúsí inú èèpo tó lóun ò ní í torí ọbẹ̀ bọ́ra sílẹ̀! Ẹ̀gúsí ló ń tà, Igangan àti àwọn abúlé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń kó o wá. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá pè é ní oníṣòwò ẹ̀gúsí, kò ní í dá yín lóhùn. "Ọkùnrin pàtàkì" lẹ ó pè é.

Ìgbàgbọ́ kan ni Àlàájì fi ń gbé ayé. Ohunkóhun tó bá ní oríkèé, tó ní ìsó, tó ní ibi tí ọmọ aráyé lè ti ọwọ́ bọ̀ láti tún un ṣe, àbùkù ni lójú rẹ̀. Ohun gidi ni èyí tó dé láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é, tó sé pinpin bí ẹyin. Ìdí nìyí tó fi ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Táyà lọ́tọ̀, ṣéènì lọ́tọ̀, aago lọ́tọ̀! Ṣé kẹ̀kẹ́ ni àbí ìpàdé ẹbí?"

Òwe tirẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn. "Odidi iṣu là ń gbé lọ kí àna, ta ní í di èèpo iṣu lọ sílé àna? Odidi ni adìẹ ń yé ẹyin. Ẹni tó bá ní kó yé e ní wẹ́wẹ́, omi ni yóò bá nínú ìtẹ́!"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ ọ́ lára tán, aṣọ ló kàn. Ó ní kí Adéníran télọ̀ rán ṣòkòtò mọ́ bùbá, kó rán bùbá mọ́ agbádá, kó sì fi okùn so fìlà mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, kí gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan. Adéníran gbé okùn tó fi ń wọn aṣọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ ó máa gbà wọ̀ ọ́?"

"Láti ọrùn."

"Bí ìtọ̀ bá wá ń gbọ̀n yín ńkọ́?"

"Ọkùnrin pàtàkì kì í kánjú."

Adéníran rán an. Télọ̀ ni, kì í ṣe wòlíì.

Lásìkò náà, Bàbá Àdínnì ìjọ wa ti jáde láyé, láwàní oyè náà sì wà nínú àpò Lèmọ́mù, kò sórí tó wé e. Àlàájì fẹ́ oyè yìí bí ewúrẹ́ ṣe ń fẹ́ iyọ̀. Ó ti ń lálàá pé àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún òun. Lèmọ́mù ní kò burú, ẹni tó bá ṣe ohun tí gbogbo ìjọ fojú rí ni òun máa wé láwàní fún, lọ́jọ́ wòlímọ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà wa ni pé ẹni tá a bá fẹ́ wé láwàní fún yóò kọ́kọ́ dìde, yóò ka Fátíà sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, a ó sì ṣe àmín.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àlàájì ò mọ Fátíà. Àlàájì tó ti dé Mẹ́kà! Bó bá bẹ̀rẹ̀, a máa lọ geere títí dé "Màlíkì," lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀, tí yóò sì máa kùn bí oyin inú agolo. Lórí ìrun, ta ló ń gbọ́? Gbogbo wa là ń mi ẹnu.

Nítorí náà ló ṣe gba Ìbàdàn lọ. Nígbà tó dé, ẹrù kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun. Ẹ̀rọ ni. Ó dúdú, ó ń dán bí ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn, kò ní ìsó kan lára. Rédíò wà nínú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, gbohùngbohùn tó lè gbé ohùn dé òpópónà wà nínú rẹ̀, aago wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Máìkì gan-an, àgbárí rẹ̀ ni wọ́n ti rì í mọ́, bí ìdodo. Bátìrì rẹ̀ ń bẹ nínú ikùn, ẹnikẹ́ni ò lè rí i. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì ń darí ohun gbogbo.

"Bẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ sí i," ni Àlàájì ń wí fún àwọn àgbà ìjọ nígbà tó gbé e wá ta mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ, "yóò pariwo rẹ̀ síta, yóò sì gbà á sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì bá kún, yóò yí i padà fúnra rẹ̀, yóò máa lu ojú kejì jáde. Ẹ ò ní í fọwọ́ kàn án! Ó ń ronú!"

Láwàl ń bẹ níbẹ̀. Láwàl yìí ló ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, òun ló sì to ẹ̀rọ tá a ń lò tẹ́lẹ̀ jọ: ìwo gbohùngbohùn méjì, máìkì méjì, bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan, àti wáyà tó pọ̀ ju irun orí lọ. Mi ò ní í purọ́ nítorí Láwàl. Ẹ̀rọ náà máa ń súfèé. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ladáànì ń pe ìrun lọ́wọ́, obìnrin kan láti Kùtọnu dá a lẹ́nu, ó ń fi èdè Faransé polówó ọṣẹ. Àlàájì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Láwàl na ọrùn wo ẹ̀rọ tuntun. "Àlàájì, ibo la ń gbà ṣí i?"

"A kì í ṣí i."

"Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kì í bàjẹ́."

"Bó bá wá kú?"

"A ó sin ín, a ó ra òmíràn. Ìwọ náà, bó o bá kú, ṣé wọ́n á tú ọ palẹ̀ wá ohun tó ṣe ọ́ ni?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ náà ni wọ́n kó ẹ̀rọ Láwàl jáde ní mọ́ṣáláṣí. Inú ilé ewúrẹ́ rẹ̀ ló kó o sí. Ewúrẹ́ kan bímọ sínú ọ̀kan nínú ìwo méjèèjì.

Ohun tí àwọn àgbà ò mọ̀ ni ètò tó wà nídìí ẹ̀bùn náà. Àlàájì ti gba Fátíà sílẹ̀ lórí rédíò, láti ẹnu aáfà kan tí ohùn rẹ̀ ń dùn bí oyin, sí ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì. Ojú kìn-ín-ní ṣófo, ohùn àwọn ọmọ wòlímọ̀ ló máa kún ibẹ̀. Ó ti fọkàn ṣírò rẹ̀: bí wọ́n bá kéwú tán, tí Lèmọ́mù ṣe wáàsí díẹ̀, ojú kìn-ín-ní yóò kún, kásẹ́ẹ̀tì yóò yí padà. Àsìkò náà gan-an ni òun yóò ti dìde lọ dúró nídìí máìkì, tí òun yóò gbé agbádá sápá, tí òun yóò sì máa mi ẹnu. Ẹ̀rọ yóò kéwú. Láwàní yóò bọ́ sórí.

Ìmọ̀ràn ńlá! Nǹkan kan péré ni ọmọ Igbó-Ọrà yìí gbàgbé. Ìbejì ni àwọn ọmọ Hàlímọ̀.

Ẹni tó bá wá láti ìlú mìíràn lè má mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tá a bá ṣe fún Táyé, àfi ká ṣe é fún Kẹ́hìndé. Bí Táyé bá jẹ ẹ̀wà, Kẹ́hìndé tí ebi ò pa á gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà. A kì í fún wọn ní dọ́gba tó fẹ́ẹ̀ dọ́gba o. Dọ́gba tó dọ́gba ni. Ìdí nìyí tí Láwàl fi ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní ẹlẹ́nu méjì. Ṣùgbọ́n Àlàájì ti gbọ́kàn lé láwàní débi pé kò tún rí ìlú tí wọ́n bí i sí mọ́.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jáde nínú aṣọ funfun, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ ilé ọkọ. Ọkùnrin jókòó sápá kan, obìnrin sápá kejì. Àlàájì wà níwájú pátápátá nínú odidi aṣọ rẹ̀, ó jókòó ṣánṣán bí igi, torí bó bá tẹ̀ síwájú, ṣòkòtò á fà á lẹ́yìn. Bó bá fara ti àga, fìlà á fà á lọ́rùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì. Ó dìde, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn yòò.

"Kí Táyé bọ́ síwájú," ni Lèmọ́mù wí.

Hàlímọ̀ ìyá wọn dìde láàárín àwọn obìnrin. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò nílò ẹ̀rọ. "Lèmọ́mù, ẹ forí jì mí. Máìkì ti Kẹ́hìndé dà?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Àlàájì.

"Ẹyọ kan náà ni," ó ní. "Odidi ni."

"Ẹyọ kan? Fún ìbejì? Nígbó-Ọrà?"

Àwọn obìnrin kọ hàà. Arúgbó kan láàárín wọn ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ìlú ibo ni baba yẹn.

"Kí wọ́n jọ kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀," ni Àlàájì wí, òógùn ti ń bọ̀. "Ìyá Ìbejì, odidi ni Ọlọ́run dá orí, kò ní ká máa yọ etí, ká máa fi ti ẹlòmíràn sí i!"

"Etí mélòó ló fi sórí náà, Àlàájì?"

Àwọn ọkùnrin pàápàá rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ jọ kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ẹnu síbì kan bí àgùntàn méjì tó fẹ́ mu omi nínú igbá kan ṣoṣo. "Bísímí—" gbàù! Iwájú orí kọ lu iwájú orí. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ohùn Táyé jáde fàlàlà. Ti Kẹ́hìndé rọra ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí òjìji. Wọ́n kà á tán. Ó dùn. A ṣe àmín.

Hàlímọ̀ ò jókòó. "Ti Táyé la gbọ́. Ẹ yí ẹ̀rọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, kí wọ́n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀?" ni Àlàájì bi í. Ó mọ̀ pé ojú kìn-ín-ní á kún ṣáájú àsìkò, Fátíà á sì bú jáde kí òun tó dé ìdí máìkì. "Ìyá Ìbejì, ìwọ̀nba díẹ̀ tó—"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ìbejì bínú ni, Àlàájì?"

Ta ló máa dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn nílùú yìí? Wọ́n yí ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀. Àlàájì ń wo kásẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń yí lẹ́yìn gíláàsì, ó ń gbàdúrà sí Ọlọ́run tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì bá sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn láti ìgbà tó ti dé láti Mẹ́kà. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó ju obì sẹ́nu.

Bí obì ṣe kan eyín, ẹ̀rọ náà dún "káṣá!" Ojú kìn-ín-ní kún. Kásẹ́ẹ̀tì yí ara rẹ̀ padà. Ohùn Kẹ́hìndé gé dànù láàárín ọ̀rọ̀, ohùn Àlàájì Àkíbù sì bú jáde látinú ẹ̀rọ, Àlàájì Àkíbù náà sì rèé níjókòó tó ń jẹ obì.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ nílé kó lè gba Fátíà láti orí rédíò, máìkì náà la etí sílẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ nínú yàrá wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kí aáfà orí rédíò tó la ẹnu.

"Ìbílọlá! Wá jókòó síbí, wá wo bí mo ṣe máa mi ẹnu!"

Ohùn ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Bàbá Ayọ̀délé, ṣé kò ní í yá kẹ́ ẹ kọ́ ọ ni? Fátíà mà ni. Àwọn ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n."

"Kí ni mo fẹ́ fi kíkọ́ ṣe nígbà tí mo ti rà á lódidi? Jẹ́ kí wọ́n wé láwàní yẹn ná. Gbogbo mọ́ṣáláṣí Ìbàràpá ni màá ta ẹ̀rọ yìí fún, láti Èrúwà dé Igangan. Kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Bí ọ̀kan bá ti kú, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n ń bọ̀."

"Lèmọ́mù ńkọ́? Ṣé kò ní í fura?"

"Lèmọ́mù wo? Èyí tó ń sùn lórí wáàsí ara rẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ àrá rí, àrá ò dún tó ẹ̀rín ọjọ́ náà. Lèmọ́mù nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Àlàájì fò dìde, ó tẹ bọ́tìnnì. Aago ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbanran-gbanran. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ohùn ò dákẹ́.

"Ẹ yọ bátìrì rẹ̀!" ló ń kígbe, obì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Láwàl! Láwàl ọmọ mi, yọ bátìrì rẹ̀!"

Láwàl dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Àlàájì, ibo la ń gbà ṣí i?"

Kò sí ohun tó kù ju kó fi agbádá bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Ó di etí agbádá mú, ó fà á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára. Ó gbàgbé Adéníran. Agbádá gbé bùbá, bùbá gbé ṣòkòtò, ṣòkòtò gbé Àlàájì fúnra rẹ̀ nílẹ̀, okùn fìlà sì fún un lọ́rùn. Ó tẹ̀ kolobo bí edé inú ọbẹ̀, orí rẹ̀ wọnú aṣọ, ojúgun rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

"Ẹ rọra o, Àlàájì!" ni Hàlímọ̀ ké. "Odidi yín ń bọ̀ síta!"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti dé ibi Fátíà. Aáfà orí rédíò la ẹnu, "Bísímílà..." Ohùn tó mọ́ gaara, tó ń yọ́ni lọ́kàn.

Kí ni kí èèyàn ṣe? Kéwú ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí kéwú. Ẹ̀rín kú lójijì. Àwọn tó ti yí lulẹ̀ dìde jókòó. Àwọn tó fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ gbá ẹ̀rọ náà dúró sójú kan, wọ́n tẹríba. Gbogbo wa dákẹ́ jẹ́ẹ́, omi ẹ̀rín ń ṣàn lójú wa, à ń gbọ́ Fátíà, Àlàájì sì dúró láàárín wa, orí nínú agbádá, ojúgun níta, kò mi ẹnu rárá. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀.

Nígbà tó parí, gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Àmín!"

Mo ti ṣe àmín púpọ̀ láyé mi. Mi ò mọ ìdí tí ti ọjọ́ yẹn fi wọ̀ mí lára jù. Láti inú irọ́ ló ti wá, láti inú irin. Mo wo ẹnu ìjọ bó ṣe ń mì, mo fọwọ́ kan tèmi náà.

Kò pẹ́ tí àmín wọlẹ̀ tí ẹ̀rín tún fi bú. Lèmọ́mù ká láwàní, ó dá a padà sínú àpò, ó sì ní òun tí òun ń sùn yìí, òun rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà, tó ṣì ń ṣẹ́jú, lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Láwàl lọ kó tirẹ̀ jáde ní ilé ewúrẹ́. Ìwo kan ti tẹ̀ wọnú, ìkejì ń rùn. Táyé di máìkì kan mú, Kẹ́hìndé di ìkejì mú, wọ́n sì kéwú dọ́gba. Obìnrin Kùtọnu dé bó ṣe máa ń dé. Hàlímọ̀ kí i pé ẹ káàbọ̀.

Ọjọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé mi. Àlàájì Àkíbù ni. Inú oko ẹ̀gẹ́ ló gbà wá, odidi aṣọ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì so pọ̀ bí ti ẹni tó ń mú nǹkan kan mọ́ra tipátipá.

"Aáfà," ó ní, "ṣé ẹ ní abẹ nílé? Láti àárọ̀ ni mo ti wà nínú aṣọ yìí."

Mo mú abẹ wá. Mo tú u níbi ìbàdí. Ó sáré wọ ẹ̀yìn ògiri. Nígbà tó padà dé, kò gbé ojú sókè. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn ọmọ ilé kéwú máa ń jókòó lé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Mo ń retí pé yóò bẹ Lèmọ́mù nípasẹ̀ mi, tàbí kó ní kí n bá òun gba ẹ̀rọ náà padà. Kò dárúkọ wọn.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ mi ní Fátíà," ó ní. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Aáfà, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi tú u."